Ohun tó yẹ àti ohun tí apá ká: ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó pín ìgbìmọ̀ wa sí méjì

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti pín ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa sí méjì láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì fẹ́ gbé e síwájú àwọn tí kò sí nínú aáwọ̀ náà. A dá owó jọ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọn kò rí ilé-ìwé lọ, àwọn tó ń kiri ọjà lọ́sàn-án àti àwọn tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Ìlérí méjì ni a kọ sínú ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀ wa: èkíní ni pé a kò ní dá ọmọ kankan padà lẹ́nu ọ̀nà, èkejì ni pé ẹni tó bá ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ nìkan ni yóò máa dúró níwájú àwọn ọmọ náà. Nígbà tí a wá jókòó ti ìṣirò owó, a rí i pé ìlérí méjèèjì kò lè gba inú àpò kan ṣoṣo. Owó ọwọ́ wa tó san owó oṣù olùkọ́ mẹ́ta tó kọ́ṣẹ́ yanjú fún ọdún méjì, àwọn mẹ́ta náà kò sì lè kọ́ ju 90 ọmọ lọ ní àkọ́yé. Àwọn ọmọ tó ti forúkọ sílẹ̀ báyìí jẹ́ 240.

Apá kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a mú 90, kí a kọ́ wọn dáadáa, kí a sì máa fẹ̀ ẹ́ bí owó bá ṣe ń wọlé. Apá kejì ní kí a gba gbogbo wọn, kí a fi àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìwé mẹ́wàá ṣe olùkọ́, kí a sì lo gbọ̀ngàn ìlú. Ní ìpàdé tó kọjá, aṣáájú apá èkíní sọ pé ẹ̀tàn ni kí a kó ọmọ 240 jọ kí a má sì kọ́ wọn ní nǹkan tó dúró. Aṣáájú apá kejì fèsì pé ẹni tó ń wá ilé-ìwé tí kò lábùkù fẹ́ràn orúkọ ara rẹ̀ ju ọmọ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀, n kò sì rí èyí tí mo lè pè ní irọ́ pátápátá nínú wọn.

Ìbéèrè mi nìyí. Bí ènìyàn bá ní àfojúsùn gíga, tí agbára rẹ̀ kò sì tó o, ṣé ó lè gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí ó má sì pàdánù rẹ̀? Irú gígé wo ló ṣeé gbà, irú wo sì ni ó ń pa ohun tí a fẹ́ ṣe gan-an?

Ọmọ Tíṣà kọ:

Akọ̀wé, ẹ kú ìnira. Ọ̀rọ̀ yín kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ohun tó ń dà yín láàmú yìí gan-an ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà kojú láàárín 1952 sí 1955, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ìjọba náà. Ní oṣù Keje ọdún 1952, Ọ̀gbẹ́ni S. O. Awókọ̀yà, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ pé kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, kí ó sì di dandan. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé olùkọ́ ni ọkùnrin yìí kí ó tó di mínísítà, òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí náà ó mọ ohun tí kíláàsì tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ túmọ̀ sí.

Láàárín ìgbà tí wọ́n gbé àbá yẹn kalẹ̀ àti ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955 tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, ohun mẹ́ta ni wọ́n gé. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ dandan kúrò, nítorí owó kò tó, àwọn òbí mìíràn kò sì fẹ́ kí a fi òfin mú ọmọ wọn kúrò lóko. Wọ́n dín ọdún mẹ́jọ tí ọmọ ń lò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kù sí mẹ́fà. Wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò tí ì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ káàkiri ṣáájú kí ọjọ́ náà tó kò. Àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé ní 1954 jẹ́ nǹkan bí 457,000. Ní 1955, wọ́n lé ní 811,000.

Ẹ jẹ́ kí n fa ọ̀rọ̀ kan yọ níbẹ̀. Àwọn kan wà nígbà náà tí wọ́n ń sọ pé kí a dúró dìgbà tí olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ bá pọ̀ tó. Níbo ni àwọn olùkọ́ yẹn ì bá ti wá? Ọmọ tó wọ kíláàsì kíní ní 1955 ni ó lè di tíṣà ní nǹkan bí ọdún 1965. Bí ẹ bá sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí pé olùkọ́ kò tó, ẹ ti sé ilẹ̀kùn mọ́ olùkọ́ ọ̀la nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àfojúsùn kan wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀ ju kí a kọ́kọ́ la ẹ̀yà rẹ̀ tó lábùkù kọjá, nítorí pé inú ẹ̀yà alábùkù náà ni a ó ti rí àwọn tí yóò tún un ṣe. Tèmi ni pé kí ẹ gba ọmọ 240 náà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Ọmọ Tíṣà ń ka iye wọn yẹn ni mí, nítorí ọdún 1956 ni mo wọ ilé-ìwé. Ọmọ kẹrin ni mí nílé, obìnrin sì ni mí. Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú mi kò dé ilé-ìwé rí. Bí kì í bá ṣe ọ̀fẹ́, oko ni èmi náà ì bá wà. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan tó lábùkù kò wúlò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ mi. A lé ní 60 nínú kíláàsì, tíṣà wa kò sì kà kọjá ìwé mẹ́fà. Ó jẹ́ ènìyàn rere, ó sì ń kọrin fún wa dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ kò lè fún wa. Ọmọdékùnrin kan wà tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ó parí ọdún mẹ́fà láì lè ka lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ láti Èkó. Èmi ni mo ń bá a kà á. Nígbà tí a dàgbà, ó sọ fún mi pé ìtìjú tí òun gbé kúrò nílé-ìwé burú ju àìlọ ilé-ìwé rárá lọ, nítorí pé ẹni tí kò lọ ní àwáwí, òun kò sì ní ọ̀kankan. Mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò tí ì rí èsì tí mo lè fún un.

Èmi wá di tíṣà. Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní Gíréèdì Tírì ni mo kọ́kọ́ ní, ẹ̀yìn náà ni mo padà lọ gba Gíréèdì Tú tó ga jù ú lọ, mo sì ti bí ọmọ mẹ́ta kí n tó gba NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tó tún ga ju ìyẹn lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá padà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ni mo máa ń rí àṣìṣe tí mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ kan sẹ́yìn. Akọ̀wé, bí ẹ bá fẹ́ fi àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìwé mẹ́wàá ṣe olùkọ́, ìbéèrè tí mo ní fún ìgbìmọ̀ yín ni èyí: ta ni yóò kọ́ àwọn náà, ọjọ́ wo ni yóò sì bẹ̀rẹ̀?

Aṣírò Owó kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó, nítorí mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àfojúsùn máa ń pe ọ̀rọ̀ owó ní ọ̀rọ̀ kékeré, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni òtítọ́ inú ènìyàn ti máa ń hàn.

Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kò fi iye tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yóò ná wọn pamọ́ fún ará ìlú. Wọ́n bu owó ìlera àti ẹ̀kọ́ lé owó orí, ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà ni lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ náà kò tí ì ṣí. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, pàdánù ní ilẹ̀ tiwọn gan-an: ìjókòó 18 ni wọ́n rí, NCNC, ẹgbẹ́ alátakò wọn, sì gba 23. Wọ́n ì bá ti pa ètò náà tì lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n. Wọn kò pa á tì. Ilé-ìwé ṣí ní oṣù Kínní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìdìbò ti ẹkùn náà sì dé ní 1956, ìjókòó 48 nínú 80 ni wọ́n gbà.

Ẹ wá wo Ẹkùn Ìlà Oòrùn Nàìjíríà. Ìjọba Nnamdi Azikiwe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tiwọn ní 1957. Àfojúsùn wọn kò kéré sí ti Ìwọ̀ Oòrùn rárá, ìtara wọn sì pọ̀. Ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n fi múra sílẹ̀ kò tó, owó wọn kò sì tó, nítorí wọn kò ní kòkó tó ń mówó wọlé fún Ìwọ̀ Oòrùn láyé ìgbà yẹn. Ní 1958, wọ́n dá owó ilé-ìwé padà fún ọ̀pọ̀ kíláàsì, àwọn obìnrin sì tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé àwọn obìnrin yẹn kò bá ìjọba jà nígbà tí kò sí ọ̀fẹ́. Ìgbà tí a fún wọn tí a sì gbà á padà ni wọ́n jáde. Ìlérí tó yẹ̀ máa ń dunni ju ìlérí tí a kò ṣe lọ.

Nítorí náà, Akọ̀wé, n kò ní sọ fún yín bóyá 90 ni tàbí 240. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí owó ọdún kẹta yóò ṣe wọlé. Ẹ sọ pé owó yín tó ọdún méjì. Bí ẹ bá gba ọmọ 240, tí ilẹ̀kùn sì tì ní òpin ọdún kejì, ẹ ti ṣe ohun tí Ìlà Oòrùn ṣe, bóyá olùkọ́ yín kọ́ṣẹ́ tàbí kò kọ́ṣẹ́.

Onímọ̀ Ìrònú kọ:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ kan tó fara pamọ́ sínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ "fún ìgbà díẹ̀". Ẹnikẹ́ni tó bá gé àfojúsùn rẹ̀ máa ń sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ dandan tí wọ́n yọ kúrò nínú ètò Ìwọ̀ Oòrùn, ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó: òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn tó sọ ọ́ di dandan jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí, ọdún 2004 ló jáde. Ní ti àwọn olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́, Ìgbìmọ̀ Bánjọ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbé kalẹ̀ láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò jábọ̀ ní 1961, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún rí i pé àìtó olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ ń fa ìmọ̀ àwọn ọmọ sẹ́yìn. Ọmọ tó wọlé ní 1955 ti parí pírámárì kí ìgbìmọ̀ náà tó kọ ìwé rẹ̀ tán. "Ìgbà díẹ̀" àwọn àgbà ni gbogbo ìgbà èwe ọmọ náà. Ọ̀rẹ́ Màmá Tíṣà tí kò lè ka lẹ́tà kò ní ọdún mẹ́fà mìíràn tí yóò tún fi bẹ̀rẹ̀.

John Dewey, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó dá ilé-ìwé ọmọdé sílẹ̀ ní Yunifásítì Chicago ní 1896, kọ́ni pé ohun tí a ń lépa kò dá wà lọ́tọ̀ sí ọ̀nà tí a ń gbà lépa rẹ̀. Ọ̀nà náà ni ó máa ń di ohun tí a bá nígbẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn máa ń ka Dewey mọ́ àwọn tó fara mọ́ ṣíṣe ohun tó ṣeé ṣe, wọ́n sì rò pé ìyẹn túmọ̀ sí pé kí a máa gba ohunkóhun tó bá yá. Èmi rí òdìkejì níbẹ̀. Ẹni tó bá fi igi tí ikán ti jẹ kọ́lé, ilé ikán ló kọ́. Bí ẹ bá fi ẹni tí kò mọ̀wé kọ́ ọmọ, àfojúsùn yín kò sí lẹ́yìn odi níbi kan tó ń dúró dè yín. Ohun tí ẹ kọ́ ọmọ náà lónìí ni àfojúsùn yín báyìí.

N kò sì gbà pé Ọmọ Tíṣà ti fọ ìbéèrè náà tán. Òótọ́ ni pé ọmọ 1955 ni tíṣà 1965. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ náà ni yóò di tíṣà tó ń kọ́ ni ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, ìran kan sí èkejì.

Ọmọ Mushin kọ:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i ní ṣókí. Ṣáájú 1979, nílé-ìwé tí mo wà ní Èkó, ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ ni a ń wọlé. Èmi wà nínú ọ̀wọ́ ọ̀sán, ọjà ni mo sì máa ń kiri láàárọ̀, nígbà tí mo bá fi máa dé kíláàsì oorun ti ń kùn mí. Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè di gómìnà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ó ní gbogbo ọmọ ni yóò máa lọ láàárọ̀, ó sì kọ́ kíláàsì tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ògiri kúkúrú àti páànù lórí. Àwọn ènìyàn pè é ní ilé adìyẹ. Òjò máa ń fọ́n sí wa lára níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni mo fi ń kàwé láti ìgbà náà, ojú mi sì là. Àwọn tó pè é ní ilé adìyẹ, ọmọ tiwọn kò sí nínú ọ̀wọ́ ọ̀sán. Onímọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó wà níta bóyá ó fẹ́ dúró de ilé tí kò ní ikán.

Ará Ìkẹ́nnẹ́ kọ:

Ó jọ pé a ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àfojúsùn jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo tí a lè wọ̀n bí ẹ̀wà, kí a sọ pé a mú ìdajì tàbí odindi. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ ẹnì kan tí gbogbo ènìyàn gbà pé kì í gba gbẹ̀rẹ́ nínú ìgbàgbọ́ rẹ̀, ìyẹn Dókítà Táí Ṣólàrín. Òun ló gba ipò ọ̀gá lẹ́yìn Awókọ̀yà ní Molusi College. Ó gbà pé ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi ìkọ́ni ní ẹ̀sìn, nígbà tí kò sì rí i ṣe níbẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun àti Sheila aya rẹ̀ sì dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù Kínní ọdún 1956. Ọdún kan péré ni ìyẹn lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nínú ìlú tí wọ́n ti bí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni ibi tí Ṣólàrín ti tẹ̀ àti ibi tí kò ti tẹ̀. Lórí pé kí ilé-ìwé má ṣe ti ẹ̀sìn kankan, kò yẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan. Lórí pé kí ọmọ kọ́ láti dá ara rẹ̀ gbé, kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ilé, lórí oúnjẹ, lórí ohun èlò, ohun tó bá wà nílẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dáko, wọ́n ru búlọ́ọ̀kù, àìní wá di ara ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ wọn. Ó mọ èyí tó jẹ́ igi àti èyí tó jẹ́ ewé. Akọ̀wé, ìlérí méjì ni ẹ kọ sílẹ̀, ẹ sì ń jà bí ẹni pé igi ni méjèèjì. Kí ni ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ wà fún? Ṣé ìwé náà ni ẹ fẹ́, tàbí pé kí ọmọ mọ̀wé kà?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ:

Mo ka ìbéèrè Ará Ìkẹ́nnẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní òtítọ́, nígbà tí a kọ ìlérí kejì, ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé kí ọmọ tálákà má ṣe rí ìdọ̀tí gbà nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ọ̀fẹ́ wo ọmọ wọ̀nyí. Ìwé-ẹ̀rí ni a fi ṣe odi ìyẹn, bóyá nítorí pé ó rọrùn láti wò. Màmá Tíṣà, bí ẹ bá wà ní ipò mi, kí ni ẹ ó sọ di odi dípò rẹ̀?

Tíṣà Fẹ̀yìntì kọ:

Ọmọ mi, ìwé kíkà ni. Láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹnì kan tí kì í ṣe olùkọ́ wọn jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó gbé ojú ìwé kan tí ọmọ náà kò rí rí síwájú rẹ̀. Bí ó bá kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá lè kà á, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe èyí fún ọ̀rẹ́ mi. Ọdún mẹ́fà ló fi jókòó, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ nínú réjísítà láràárọ̀, ó ń dáhùn, gbogbo àgbà sì rò pé ọmọ ń kàwé.

Nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìwé mẹ́wàá, mo ti fi irú wọn ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe gbé kíláàsì lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú wọn fún òun nìkan ní ọdún àkọ́kọ́. Kí olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ kọ́ ohun tuntun, kí ọ̀dọ́ náà mú àwọn ọmọ díẹ̀ díẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti tún un kà. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí olùkọ́ àgbà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà ní ohun tí wọn yóò ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ yẹn yóò rẹ olùkọ́ àgbà, ẹ san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹ sì yan méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ náà kí ẹ rán wọn lọ ṣe NCE nígbà ìsinmi gígùn. Èmi náà ni irú wọn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ibi tí mo dé.

Onímọ̀ Ìrònú kọ:

Bí ó bá rí bí Màmá ti là á kalẹ̀ yìí, n kò ní ta kò ó mọ́ lórí ìwé-ẹ̀rí. Ohun tí mo ṣì dúró lé lórí ni pé kí a má ṣe pe ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ní olùkọ́ títí wọn yóò fi dé ipò náà, kí a sì sọ fún àwọn òbí lójú ara wọn ohun tí ọmọ wọn ń rí gbà àti ohun tí kò tí ì rí gbà. Òbí tó mọ̀ pé gbèsè wà ní í béèrè rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá ń pe aláìpé ní pípé, kò sí ẹni tí yóò rántí pé ohun kan ṣì kù.

Aṣírò Owó kọ:

Mo gbà pẹ̀lú Onímọ̀. Mo sì fi kún un pé kí ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ọmọ mílíọ̀nù 2.3 ni wọ́n ń retí ní kíláàsì kíní, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ló sì dé. Nítorí náà, ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ìṣirò yín fún àwọn tí kò tí ì forúkọ sílẹ̀, nítorí wọn yóò wá. Ọ̀rọ̀ ọdún kẹta tí mo béèrè náà ṣì wà nílẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo ti bá aṣáájú apá méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ń kọ̀wé, ohun tí mo sì fẹ́ gbé lọ sí ìpàdé nìyí. A ó gba olùkọ́ méjì tó kọ́ṣẹ́ dípò mẹ́ta, a ó fi owó oṣù ẹnì kẹta san ọ̀dọ́ mẹ́rin tí a ó máa pè ní olùrànlọ́wọ́. Ọmọ 120 yóò máa wá ní ọjọ́ mẹ́ta, 120 yòókù ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù, ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé ni àwọn olùkọ́ méjèèjì yóò sì máa kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀wọ́ méjì yìí ni Ọmọ Mushin sá fún, ó sì dùn mí. Mo ti kọ ọ́ sí orí ìwé kan tí a ó lẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn, pẹ̀lú ọjọ́ tí a fẹ́ mú un kúrò, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta. Ohun kejì tó wà nínú ìwé náà ni àwọn olùrànlọ́wọ́ méjì tí a ó rán lọ ṣe NCE kí ọdún kìíní tó pé.

Ìdánwò ìwé kíkà tí Màmá sọ yóò máa wáyé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, aṣáájú apá èkíní sì ti gbà láti máa ṣe é fúnra rẹ̀, nítorí pé òun ni kò ní fi ojú fo àṣìṣe. Ohun tí ó béèrè ni pé bí ìdajì àwọn ọmọ inú ọ̀wọ́ kan kò bá lè kàwé lẹ́yìn ọdún kan, kí a dá gbígba ọmọ tuntun dúró títí wọn yóò fi kà. Aṣáájú apá kejì kò tí ì gbà sí èyí. Ó ní ó ti ń jọ ilẹ̀kùn tí a ń tì. Ní ti owó ọdún kẹta, a kò ní i, mo sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a sì bẹ̀rẹ̀ ìdáwó láti oṣù tó ń bọ̀.

Ìpàdé wa di ọjọ́ Sátidé. Mo ti tẹ orúkọ àwọn ọmọ 240 náà sórí ìwé, n óò sì kà á sókè láti orí dé ìdí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.